Ìyá Wáyà àti Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Ẹni tó bá ní obìnrin ò lè jẹ́ rewáyà, kó wá sí àdúgbò wa kó wá tún un sọ. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Ìyá Wáyà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Iná ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò tàn, fèrè tó ń ké láìdákẹ́, bátìrì tó sùn tí kò jí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbogbo wọn lọ. Kì í fi ariwo ṣiṣẹ́. Á fi ìka tọ wáyà láti orí dé ìdí, tó bá wá kan ibi tó bàjẹ́, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ nìyí." Ó parí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ka iṣẹ́ yìí sí, ẹni náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ilé búrẹ́dì. Ọdún méjìlélógún ló fi wa ọkọ̀ kan náà, bọ́ọ̀sì kékeré kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra láàárọ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá fẹnu kan ọkọ̀ náà pẹ́nrẹ́n, á dá a lóhùn pé, "Wáyà nìwọ mọ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe wáyà." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun obìnrin náà dé ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni, kí ló fẹ́ ṣe?

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì kú. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló wò ó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mi orí. Màmá Oníbúrẹ́dì, tó ni ọkọ̀ tó sì ni ilé iṣẹ́, ní òun máa pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e, òun á sì wá ẹlòmíì tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí yóò máa gbé búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Ó wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, ó di fìlà mú lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù," ni Ìyá Wáyà wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi iná sí i."

"Iná? Ṣé o fẹ́ sun ún ni?"

Ohun kan náà ni Màmá Oníbúrẹ́dì sọ, àfi pé tirẹ̀ tún le sí i. "Iná! Nínú ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì mi! Ṣé inú ọkọ̀ ni mo ti fẹ́ máa yan án ni?"

"Màmá, iná tó ń tan gílóòbù ni mò ń wí, kì í ṣe iná ìdáná."

Màmá ní òun fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kíkún gun òkè ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó pọ̀ jù wà. Tí kò bá gùn ún, kí àwọn onírin wá gbé irin wọn.

Ìyá Wáyà kò ra nǹkan tuntun tí àlòkù lè ṣe. Ẹ̀yìn ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, tí wọ́n ti pa tì. Mọ́tò inú rẹ̀, ẹ̀rọ tí iná bátìrì ń yí, ló tú. Jíà ọkọ̀ búrẹ́dì ṣì dáa, ó fi sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń gé irin ní òpópónà kejì bá a gé àwo irin tí yóò so mọ́tò mọ́ jíà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Wáyà sì dá a padà fún un nítorí pé ihò rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà bínú, ó tún un gé. Bátìrì tí àwọn ọ́fíìsì ti pààrọ̀ ló kó jọ, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gílóòbù iwájú ọkọ̀, ó gbé aago síwájú rẹ̀. Èyí tó bá ṣú kí àkókò tó pé, ó di ẹni ilẹ̀. Nínú mẹ́rìndínlógójì, mẹ́rìndínlógún ló yege. Ó to àwọn kan síbi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀, ó to ìyókù síbi tí táǹkì epo wà.

Wọ́n ní kò ní lè rìn jìnnà. Ó ní, "Ta ló ní kó lọ sókè òkun? Búrẹ́dì ló fẹ́ gbé."

Ọjọ́ pé. Wọ́n kó ẹrù kún ọkọ̀ ní àárọ̀, Màmá fọwọ́ lé ìbàdí. Ẹ̀gbọ́n wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un yí. Kẹ́kẹ́.

"Ó ti kú!" ló pariwo. Bó sì ṣe máa ń ṣe láti ọdún méjìlélógún tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe agídí, ó fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó pè ní òkú ti wà láàyè láti ìgbà tó kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, jíà sì ti wọlé. Ó fò síwájú, ó kọ lu àwọn pákó búrẹ́dì tó ṣófo, gbogbo wọn wó lulẹ̀ gbàràgàdà.

"Ó tó!" ni Màmá kígbe. "Ẹ pe àwọn onírin!"

Ìyá Wáyà wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Etí ni ọkùnrin yìí fi ń wakọ̀. Òun sì lọ gbé ọkọ̀ tí kò ní ohùn fún un, láìsọ nǹkan kan.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí."

Rédíò àtijọ́ kan wà nínú ọkọ̀ náà tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó fa wáyà láti ibi mọ́tò wá síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ̀ wà láàyè. Tó bá dákẹ́, ó sùn. Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ tọ́tù."

Ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó tẹ tọ́tù bí ẹni tẹ ẹyin, ọkọ̀ sì gbéra. Ìyá Wáyà jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n iná. Nígbà tí wọ́n dé àárín òkè, níbi tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti máa ń rú èéfín, rédíò ṣì ń ka ìròyìn lọ, ọkọ̀ náà sì ń gun òkè lọ láìmikàn. Wọ́n dé orí rẹ̀ kí ìròyìn tó parí.

Olùṣọ́ ẹnubodè ilé ìwòsàn fò sókè nígbà tó rí wọn lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dẹ́rù bà mí! Mo rò pé rédíò ẹnì kan lásán ni mò ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín dà?"

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀ gbayawu kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè rí i.

"Kò sí ẹ́ńjìnnì ńbẹ̀," ló wí sókè ketekete. "Wáyà ni gbogbo ẹ̀. Àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló ṣe é. Rewáyà ni."

Ìyá Wáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún wáyà kan tí kò bàjẹ́ rárá ṣe.