Ìgò Magnísíọ̀mù Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Fìdítì. Mo ti sun magnísíọ̀mù lójú wọn títí mi ò fi lè ka iye ìgbà mọ́. Nítorí náà, nígbà tí pajápajá bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lẹ́sẹ̀, tí obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní magnísíọ̀mù ni ara mi ń fẹ́, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn rẹ́ mi jẹ.

Òun náà ló ń tà á. Ìgò rẹ̀ wúwo, ọmọrí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, wọ́n sì kọ ẹgbẹ̀rún kan miligíráàmù gàdàgbà síwájú rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí onímọ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ju hóró kan sínú ife omi. Ó tú, ó sì jókòó sísàlẹ̀ ife bí ẹfun, kò yọ́. Ẹlòmíì ìbá fura. Èmi sọ fún un pé oògùn tó gbó nìyẹn, kì í ṣe èyí tí í yọ́ dànù bíi ṣúgà. Mo sanwó.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo lọ sí Jóbẹ̀lẹ̀ fún àyẹ̀wò tí ìjọba fi ń mọ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ṣì wà láàyè. Ìgbà mẹ́ta ni mo sáré kúrò lórí ìlà lọ sílé ìgbẹ́. Nígbà tí mo padà dé lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti pè mí kọjá. Akọ̀wé ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lójú tirẹ̀, mi ò tíì fi hàn pé mo wà láàyè.

Dípò kí n lọ sílé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlọràá. Apòògùn tó wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Mo fún un ní òdo nígbà kan, mo sì gba bàbá rẹ̀ níyànjú pé kó mú un lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ìgò náà, kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ kà. Ó bi mí pé hóró mélòó ni mò ń lò. Mo ní mẹ́rin, bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

"Mẹ́rin yẹn ló pé ẹgbẹ̀rún kan, sà," ó ní. "Ọgọ́ta hóró ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ìgò yín. Ọ́kísáìdì sì ni. Ara kì í gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù ló ń lé yín lọ sílé ìgbẹ́."

Ọ́kísáìdì ni eérú funfun tó ń kù tí magnísíọ̀mù bá jóná tán. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Kò ta òmíràn fún mi. Ó bi mí nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò, tó ń mú mi tọ̀ ṣáá, ó sì ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín mi wò kí n tó gbé ohunkóhun mì. Dókítà pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ó ní ó lè jẹ́ òun ló ń fa pajápajá. Pajápajá ọ̀hún dínkù, àmọ́ kò tán.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé obìnrin akọrin yẹn ti ń sọ fáwọn èèyàn pé tíṣà kẹ́mísírì ló yẹ ọjà òun wò. Ìyá arúgbó kan ní Akínmọ̀ọ́rìn ti tìtorí mi rà á. Ìtìjú mú mi, mo gun ọ̀kadà lọ bá ìyá náà, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Tíṣà," ó ní, "ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Oògùn yìí ló tú mi sílẹ̀. Bá mi ra ìgò méjì bọ̀."

Mo tún ṣàlàyé. Ó ní òun ti gbọ́.