Ọ̀rọ̀ Tó Ń Dúró De Ìparí Sáà

Aránṣọ ni. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá iwájú ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń rọra wọlé bí àlejò tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Òun ló ń rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn jésì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ àdúgbò wọn. Ọkọ rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ọ̀pẹ nítorí gíga rẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bàbá tó bí aránṣọ lọ́mọ sì ni máníjà wọn.

Àdéhùn Ọ̀pẹ pẹ̀lú ẹgbẹ́ yóò parí pẹ̀lú sáà ọdún náà. Ó sì wà nínú òfin líìgì pé bí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àti agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dúnàádúrà lórí fífa àdéhùn gùn títí wọn yóò fi gbá ìdíje tó kẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Tilé wọn yìí, òfin ti gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Bàbá máa ń wá kí wọn. Òun àti Ọ̀pẹ á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ òrùlé aládùúgbò tó ń jò. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ yà sọ́nà bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú wọn á wúkọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ aránṣọ ní kó kúkú bi bàbá rẹ̀ léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí bàbá òun bá ti ilẹ̀kùn, á gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mì ni.

Nígbà mìíràn, ariwo ẹ̀rọ á rẹ̀ ẹ́, oorun á gbé e lọ, á sì rí i lójú àlá, jésì ọkọ rẹ̀ tó ń léfòó lójú sánmà. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀, atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀. Kò balẹ̀, kò sì kọjá lọ. Bó bá lajú, á rí Ọ̀pẹ lẹ́bàá ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Aránṣọ á kàn tún máa tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò ní bi í léèrè. Àfi bí ẹni pé òfin líìgì ti ran òun náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìdíje tó kẹ́yìn, Bàbá dé pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ilẹ̀kùn tó máa ń tì wọlé, ó kàn án. Ó ní lónìí, máníjà lòun.

“Ọdún mẹ́ta lẹgbẹ́ fẹ́ fi kún àdéhùn rẹ, àna mi.”

Ọ̀pẹ fa àga kan fún un.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ ò lè bá mi sọ̀rọ̀, orúnkún mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọdún kan péré. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké.”

Bàbá tú táì ọrùn rẹ̀.

“Mo ti rí orúnkún yẹn láti àárín sáà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bi ọ́ léèrè tí kò ní jọ ìdúnàádúrà.”

“Èmi náà rí i,” ni aránṣọ wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde bí omi àgbá tí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀, títí Bàbá fi sùn lọ lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀. Ọdún kan péré náà ni wọ́n jọ fọwọ́ sí. Ọ̀pẹ gbá a tán, kò kábàámọ̀. Ní báyìí, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti tutù, ó ń bẹ ní pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ tí orí wọn kò tíì kan ìgbáròkó rẹ̀, ó ń kọ́ wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fi ọwọ́ sílẹ̀.