Ejò Inú Àjà Ilé Ọ̀nà Ìbà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ilé kì í purọ́. Mo rò pé gbogbo ohun tí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ nípa ilé, ara ògiri ló wà, kí olúwarẹ̀ sáà ti mú ẹni tó mọ ògiri wò dání. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá, mo sì ti ka ìwé ìròyìn òyìnbó débi pé n kì í ra bàtà lásán láì da ìbéèrè bo ẹni tó ń tà á. Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni. Ìjọba fi owó kún owó oṣù, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni náà sì fara wé wọn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń kọrin, ilé wọn ń dún bíi ti ọlọ́jọ́ ìbí lójoojúmọ́. Èmi ní ilé lèmi máa rà.

Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé ọ̀rọ̀ ilé wá sí mi lórí o, ìyàwó mi ni. Yàrá kan là ń gbé ní Àjẹ́gúnlẹ̀, onílé wa sì ti fi owó kún owó ilé kí èmi tó gba èyí tí wọ́n fi kún tèmi. Lẹ́yìn tí a ti ń wojú Ọlọ́run fún ọdún mélòó kan, ìyàwó mi lóyún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ká àwọn ìró rẹ̀ sínú àpótí, ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ ìyá mi l'Ábẹ́òkúta ni mò ń lọ. Mi ò ní bí ọmọ yìí sínú yàrá téèyàn ń gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rílé, ẹ wá mú mi.” Kò gbé ohùn sókè rárá. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Àwórì láti Ọ̀jọ́, fẹ́ ta ilé rẹ̀ tó wà lọ́nà Ìbà, tí kò jìnnà sí Okokomáíkò. Okokomáíkò ìgbà náà kọ́ ni ti ìsinsìnyí o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì ni, katapílà ń bú ramúramù láti àárọ̀, eruku pupa sì bo ewé igi títí tí ewé náà gbàgbé àwọ̀ ara rẹ̀. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ lọ gbé ibẹ̀, wọ́n á bi í pé ta ló ń lé e. Ilé tí à ń wí yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, yàrá dojú kọ yàrá lápá méjèèjì, kànga wà lẹ́yìn. Bàbá Onílé fúnra rẹ̀ kò gbé ibẹ̀, àmọ́ ó ti yàrá méjì tó wà níwájú pa fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ ta ilé kó fi owó rẹ̀ ra lọ́rí tí yóò máa kó yanrìn fún àwọn tó ń la títì.

Gbogbo ohun tí mo ní láyé ni ilé yẹn máa gbé mì, pẹ̀lú ohun tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fẹ́ yá mi. Bó bá wó lé wa lórí, kò sí owó míì, kò sì sí ojú tí mo fẹ́ fi wo ìyàwó mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, pé kó bá mi yẹ ilé náà wò kí n tó sanwó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ilé tí mo ti fojú rí, kí ni mo tún ń wá níbẹ̀? Mo dá wọn lóhùn pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tójú ti là.

Bàbá Onílé fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ méjèèjì, ó ní ká máa lọ, pé ara òun kò yá. Kò sọ fún àwọn ayálégbé pé òun ń ta ilé, kò sì sọ fún wa pé òun ò sọ fún wọn. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Okokomáíkò ní Sátidé yẹn, ẹnjiníà ló ṣáájú. Ó wọ níkà kakí, ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ dé orúnkún, ó dé akoto, ó mú ọ̀pá kékeré kan dání. Èmi tẹ̀lé e pẹ̀lú kóòtù àti táì nínú oòrùn yẹn. Ẹni tó bá gbé ayé ìgbà náà ti mọ ohun tí a jọ. Wolé-wolé la jọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n máa ń já wọ ilé onílé láti yẹ àmù wò, tí wọ́n bá sì bá tanwíjí nínú omi tàbí àbùkù lára ilé, ilé ẹjọ́ yá. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo kàn gbọ́ tí ẹnìkan kígbe níwájú ilé ni, mo sì gbọ́ tí omi ń dà ṣàà lẹ́yìn, bí ẹni pé ilé náà ń yára wẹ̀ kí àlejò tó wọlé. Mo ní nínú ara mi pé àwọn èèyàn yìí mà mọ́ tónítóní o.

Ìyá Oníkẹrosíìnì ni àgbà nínú àwọn ayálégbé, òun ló ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé pẹ̀lú ìgò àti àrọ. A bá a láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. Ó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n kò dìde. “Ẹ dákun, sà, orúnkún ni. Tí mo bá ti jókòó báyìí, ó di alẹ́.” Ẹnjiníà fi ọ̀wọ̀ yà fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ gbá ògiri, ó ń fetí sí i, ó ń mirí bíi dókítà tí àyà aláìsàn tẹ́ lọ́rùn. Nínú yàrá Télọ̀, ayálégbé kan tó ń ránṣọ, ògiri kan wà tí wọ́n fi aṣọ kọ́ láti òkè délẹ̀. Télọ̀ ní oníbàárà ló pọ̀. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n so sílẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, mo sì rò pé nítorí àwọn ọmọdé ni.

“Ṣé omi máa ń wọlé?” ni ẹnjiníà bèèrè.

“Omi kẹ̀?” Ìyá Oníkẹrosíìnì dá a lóhùn. “Omi ò mọ ilé yìí rárá, sà.”

“Ẹ̀fọn ńkọ́?”

“Ẹ̀fọn? Ẹnu àwọn ará Ọ̀jọ́ la ti ń gbọ́ ọ.”

Gbogbo wọn ń pè mí ní sà, inú mi ń dùn, mo ń tún táì mi ṣe. Nígbà tí a jáde, ẹnjiníà bọ́ akoto, ó nu òógùn, ó ní, “Ọ̀gá mi, ilé yìí sólíìdì. Ó gbá múṣé.” Mo sanwó iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, mo sì ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta pé mo ti rílé.

Ìyàwó mi dé pẹ̀lú oyún tó ti yọ síwájú dáadáa. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ilé náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà tí a débẹ̀. Bùbá àti ṣòkòtò ni mo wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Orí ẹní ọjọ́sí náà la tún bá Ìyá Oníkẹrosíìnì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Àbí ẹ̀yin kọ́ ni wolé-wolé tó wá lọ́jọ́sí?” Mo rẹ́rìn-ín, mo na àyà, mo ní, “Rárá o, mà. Èmi ni mo fẹ́ ra ilé yìí.”

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jẹ́ òpè, mi ò mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Lásìkò yẹn, kò sí onílé tuntun tó ń ra ilé tí kì í lé ayálégbé, kó lè gba ẹlòmíì tí yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ni pé kí wọ́n di ẹrù wọn.

“Ẹ fẹ́ ra èwo?” Ìyá Oníkẹrosíìnì dìde fùú, orúnkún ti san. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ kó sí gbèsè o.” Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ ká ẹní náà kúrò, mo sì rí ibi tí ilẹ̀ ti rì sísàlẹ̀. Télọ̀ fa aṣọ kúrò lára ògiri rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ló rin gbìndìn, ó ti hu èéhù. Ẹnìkan ká kàlẹ́ńdà kúrò, ògiri là lẹ́yìn rẹ̀ débi tí ìka mi lè wọ̀ ọ́. Ká ní wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí ni, ǹ bá ti sáré dé Àjẹ́gúnlẹ̀ láì wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ wọn lẹ́nu.

“Ẹ wo máṣíìnì mi,” ni Télọ̀ wí. “Ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀hún ni mo gbé e sí lálẹ́ àná. Ilé yìí ń rìn ni, ẹ̀gbọ́n. Ojú fèrèsé ni mo bá a láàárọ̀ yìí.”

“Ìyẹn kéré,” ni Ìyá Oníkẹrosíìnì wí. Ó na ìka sókè, sí apá ibi tí yàrá rẹ̀ wà. “Ejò wà nínú àjà yẹn. Tó bá ń yí ẹ̀gbẹ́ padà, páànù á máa dún.”

Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú, mo ní ká máa lọ. Àfi bó ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń wo àjà.

“Ìyá, ẹ ti pẹ́ nílé yìí, mà?”

“Háà, ọmọ mi, ojú mi ni wọ́n kan páànù rẹ̀. Ibí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí.”

“Pẹ̀lú ejò yìí?”

“Pẹ̀lú ejò.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ò kó kúrò?”

Mi ò mọ ohun tí Ìyá Oníkẹrosíìnì ìbá sọ, nítorí òjò dé lójijì, òjò ńlá, ó ń lu páànù bí ẹni tí inú ń bí. Gbogbo wọn gbàgbé wa. Télọ̀ gbé garawa, ó gbé e sí ìdí ògiri rẹ̀. Ẹnìkan gbé bàsíà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹlòmíì gbé òmíràn sí ìsàlẹ̀ ibi tí kàlẹ́ńdà wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni níbi tí òun á gbé e sí. Lẹ́yìn náà kálukú padà jókòó. Ìyá Oníkẹrosíìnì sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó tẹ́ ẹ sí ibi tó gbẹ jù, lábẹ́ àjà ejò gan-an, ó sì fi aṣọ bò ó.

Ìyàwó mi wò ó láti ẹnu ọ̀nà. “Ìyá, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ejò wà ni?”

Ìyá wo òkè, ó wo ọmọ, ó wo ìyàwó mi. “Ejò náà,” ó ní, “ó ti jáde lọ jẹun.”

Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi rín títí ó fi di ikùn rẹ̀ mú. Nígbà tó rọlẹ̀, ó sún mọ́ etí mi, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ibi tí wọ́n gbé bàsíà àti garawa sí nìkan ló ń jò.” Òótọ́ ni. Èmi àti ẹnjiníà mi fi kọ́kọ́rọ́ gbá ilé yẹn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a ò rí ohun tí òun fi ìjókòó lásán rí.

Ó yíjú sí Ìyá Oníkẹrosíìnì, ó ní, “Yàrá méjì tí Bàbá Onílé tì pa yẹn tó wa. A ò ní lé ẹnikẹ́ni, mà.” Ìyá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ni Ìyá bá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Ó ní bí a bá pààrọ̀ páànù ẹ̀yìn, ògiri Télọ̀ á gbẹ. Ó ní sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ló máa dí ilẹ̀ tó rì, àti pé ògiri tó là yẹn, ó ti là kí òun tó bí àkọ́bí òun, kò sì yà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Bàbá Onílé bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó bi mí léèrè pé ta ló tú àṣírí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ owó páànù kúrò nínú owó ilé. A rà á. Ìyá Oníkẹrosíìnì yìí náà ló di ìyàwó mi mú lọ́jọ́ tó rọbí, tó ń pariwo mọ́ mi pé kí n yé é dúró bí òpó, kí n lọ wá mọ́tò.

Gbogbo ìyẹn ti di ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Oníkẹrosíìnì ti lọ, Télọ̀ ti lọ, ìyàwó mi náà sì ti re ọ̀run, ó fi mí sílẹ̀ nínú ilé yìí. Títì márosẹ̀ ti gbé owó gọbọi lé ilẹ̀ wa lórí. Àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, pé ẹnìkan fẹ́ ra ilé yìí, kó wó o, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ire mi ni wọ́n ń wá, mo mọ̀. Láìpẹ́ yìí, wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti yẹ ilé wò, kó lè díye lé e. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ń tan iná pupa sára ògiri. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Mo jókòó lórí àga mi láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò dìde. Mo ní orúnkún ni.

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún un pé ilé náà ń rìn. Nígbà tí mo rí i pé ó ń gbọ́, mo na ìka sí àjà, mo sọ fún un nípa ejò. Ó wo òkè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò kó kúrò?”

Ẹnìkan ṣoṣo ló ti bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, bẹ́ǹṣì tó jókòó sí lọ́jọ́ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òjò ló gba Ìyá Oníkẹrosíìnì sílẹ̀ nígbà tiẹ̀. Mo bojú wòta, oòrùn ń ràn, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Mo wá sọ òótọ́ fún un. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn ọmọ mi pé mi ò fẹ́ kí wọ́n tà á.