Iyọ̀ Tó Kọ̀ Láti Dì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí olóògbé tí gbogbo wa ń pè ní Oníyọ̀, iwájú àpótí irin kan ló dúró sí, ó ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sórí àga, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n káwọ́ gbera. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa ti sọ fún un láàárọ̀ pé bí àpótí náà kò bá mú yàrá yẹn gbóná lójú àlejò, ààtàn ni àpótí yóò sùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Oníyọ̀ sì ti fi ṣe é.

Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń fi sí ọbẹ̀. Ooru tí kò tó ti ara ènìyàn lè yọ́ ọ. Bí ó bá ń yọ́, yóò gba ooru pamọ́ sára. Bí ó bá tún ń dì, yóò dá a padà. Oòrùn ọ̀sán ti yọ́ ọ dáadáa. Ilẹ̀ wá ń ṣú lọ, òtútù dé, iyọ̀ náà tutù, síbẹ̀ kò dì. Bí kò bá sì dì, kò ní tú ooru kankan sílẹ̀.

"Ṣé ó ti kú ni?" ni àlejò tó dàgbà jù lọ béèrè.

"Rárá, mà," ni Oníyọ̀ dáhùn. "Ojú yín ló ń tì í."

Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbàgbé láti dì. Horo kan tó ti dì tẹ́lẹ̀ ni a máa ń jù sí i láti rán an létí. Oníyọ̀ mọ èyí, ó sì ti fi horo kan sínú ìgò kékeré, ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀ kó má baà sọnù. Ó yọ ìgò náà, ó gbé e sókè síbi iná. Omi ló bá níbẹ̀. Ara rẹ̀ ti yọ́ horo náà láti àárọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó rẹ̀ fi wọlé, aṣọ iṣẹ́ funfun kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ tún gbàgbé aṣọ yín sílé. Mi ò fọ̀ ọ́ o. Iyọ̀ tó gan mọ́ àpò rẹ̀ yìí, ẹ fọ̀ ọ́ fúnra yín. Ó ti sú mi."

Oníyọ̀ já aṣọ náà gbà, ó ṣí àpótí, ó gbọn àpò náà sínú rẹ̀. Funfun kan yọ láàárín, ó ràn dé etí, gbogbo rẹ̀ sì le gbagidi. Kò pẹ́ tí àlejò àgbà fi bọ́ kóòtù.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀ láti fọṣọ ló parí rẹ̀."

Nígbà tó fẹ́ ṣe àpótí sí i, wẹ́dà tó ń bá a jó irin béèrè ohun tó fẹ́ kó sínú rẹ̀.

"Oòrùn ni."

Wẹ́dà ronú díẹ̀. "Ṣé kí n lu ihò sí i, bàbá, kó lè máa mí?"

Oníyọ̀ tún rán àpò iyọ̀ kan mọ́ tìmùtìmù àga ọ̀gá wa. Ìpàdé tí wọ́n pè láti bá Oníyọ̀ wí nítorí pé ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, oorun ni ọ̀gá fi parí rẹ̀.

Bí ó bá ń sọ ìtàn ọjọ́ àlejò náà, òtútù inú ìtàn náà máa ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, eyín àlejò ti ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyàwó rẹ̀ a dá sí i láti yàrá kejì: "Kóòtù ni wọ́n wọ̀. Kò sẹ́ni tó kú."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbóná mọ́. Ìyàwó rẹ̀ a yọ́ àpò iyọ̀ kékeré, a ju horo kan sí i, a sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ṣé ó ń dì?" ni yóò béèrè.

"Ó ń dì, olówó orí mi. Ẹ dì í mú."

Itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni a sin ín sí. Àpótí iyọ̀ rẹ̀ ló ń mú yàrá àwọn aláboyún gbóná nílé ìwòsàn náà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. A kò tíì fọ̀ ọ́.