Ẹja Tí Màmá Àgbà Jí Lórí Ìtàgé

Òórùn ẹja yíyan kì í jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ tí Màmá Àgbà, ìyá ìyá mi, jalè lójú gbogbo ìjọ.

Eré ìkórè ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì onípákó wa ní Àràròmí. Òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ilé wa lọ nígbà náà; ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja la fi ń jẹ púpurú. Màmá Àgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í jáde láìwọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ló ṣe arúgbó tó ń jí ẹja. Ìyá Ìjọ, ọ̀rẹ́ wọn, ló ṣe ẹlẹ́ja, Ìyá Ìjọ fúnra wọn ló sì gbé ẹja wá láti ilé wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán eré náà wò, ẹyọ kan ni Màmá Àgbà jí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Ìyá Ìjọ kẹ̀yìn, wọn ò tètè yíjú padà. Ẹja ńlá mẹ́ta ti wọ abẹ́ ìró. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí pákó fi ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà síbi tá a forí pamọ́ sí, mo rí ìrù ẹja tó yọ lábẹ́ ìró náà.

“Màmá, ẹ ò dá a padà?”

Wọ́n rọra tì í wọlé. “Eré ò tíì parí.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Ìyá Ìjọ ló dìídì kọ eré náà, torí Màmá Àgbà kì í gba ohun ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.