Dókítà Onsongo, Ẹni Tó Ń Wọn Ìfẹ́ Òbí

Èyí tí gbogbo Nyamira, ní ilẹ̀ àwa Gusii ní Kenya, mọ̀ jù nínú ìtàn olóògbé Dókítà Onsongo ni ti ọjọ́ tó fún ìyá tó bí i ní òdo. Àwọn kan ń sọ pé ìyá náà lé e jáde nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, ìyá ń ṣa ẹ̀fọ́. Onsongo mú àwọn ìbéèrè kan dání, èyí tí òun àti àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì fi ń wọn bí òbí àti ọmọ ṣe sún mọ́ra tó káàkiri ayé.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń sọ fún ọmọ yín pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ọmọ mi wo?"

"Èmi."

"Ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni?"

"Òdo nìyẹn. Ṣé ẹ máa ń wojú rẹ̀ tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Kí n máa wojú àgbàlagbà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà?"

"Òdo."

Nígbà tó parí, ìyá bi í pé, "Ta ló tẹ̀ lé mi?" Onsongo ní kò tíì sí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìyá gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó dìde. "Ó dáa. Lọ jẹun lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ipò kìíní."

Láti ọjọ́ náà ni ara Onsongo kò ti balẹ̀ mọ́. Ó gbà pé ìbéèrè ló kùnà, kì í ṣe ìyá òun. Ó ra tépù (àwọn tó ń sọ pé okùn ni, kí wọ́n tún un sọ), ó sì ń wọn àyè tó wà láàárín òbí àti ọmọ nínú bọ́ọ̀sì. Lọ́nà Narok, ó ní kí bàbá Maasai kan má mira kí òun lè wọn àyè tó wà láàárín bàbá náà àti ọmọbìnrin rẹ̀. Bàbá náà tutọ́ sí i lórí. Inú Onsongo dùn, nítorí bí àgbà Maasai ṣe ń súre fún èèyàn nìyẹn.

"Dókítà," ni awakọ̀, tí òun náà jẹ́ Maasai, wí, "èyí kì í ṣe ìre."

Ohun kan ló ń dun Momanyi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Onsongo bí. Bàbá rẹ̀ ti bi ọmọ gbogbo ayé léèrè, kò bi òun rí. Nígbà tó gbéyàwó, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí bàbá kì í wọ ilé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti níyàwó lọ́dọ̀ àwa Gusii. Momanyi kò mọ̀ bóyá bàbá òun ń bẹ̀rù ìdáhùn ni, tàbí kò tiẹ̀ ká a lára.

Ibà táífọ́ọ̀dù wá dá Momanyi dùbúlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tó ń yí ilé po, tí kò dúró.

"Bosibori," ó pe ìyàwó rẹ̀, "ta nìyẹn?"

"Bàbá wa ni. Mo gbé àga fún wọn, kóòtù wọn ló jókòó sí i."

Momanyi wọ́ ara rẹ̀ dé ojú fèrèsé. "Bàbá, ẹ bi èmi náà ní àwọn ìbéèrè yín."

Ẹsẹ̀ náà dúró. "Ara rẹ ò yá."

"Ẹnu mi yá."

"Kò burú. Ṣé bàbá rẹ máa ń gbá ọ mọ́ra?"

"Rárá."

"Òdo. Ṣé ó máa ń jókòó tì ọ́ nínú ilé rẹ?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò lè..."

"Ohun tí mo bi ọ́ ni kí o dáhùn."

"Rárá."

"Òdo." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Tí ara rẹ ò bá yá, ṣé o máa ń mọ̀ tí bàbá rẹ bá wà nítòsí?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Ẹ ò jẹ́ kí n sùn láti àárọ̀."

Momanyi ronú sí i. "Bàbá, ìyẹn ò sí nínú ìbéèrè àwọn òyìnbó."

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Lọ dùbúlẹ̀." Ẹsẹ̀ náà sì tún gbéra.

Títí ara Momanyi fi yá ni Onsongo fi ń rìn bẹ́ẹ̀, débi pé ó la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ilé náà ká. Nígbà tí Onsongo wá kú, tí wọ́n sì sin ín, Bosibori fẹ́ gbin òdòdó sójú ọ̀nà náà. Momanyi ní kó fi í sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, òun náà máa ń rìn ín, ọwọ́ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ á tò tẹ̀ lé e, wọ́n á máa bi í kí ni àwọn ń wá. Á ní kí wọ́n ṣáà máa bọ̀.