Agolo Ẹ̀wà Tí Mo Pè Ní Aláàfíà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yin ọmọ mi, òkun Kùtọnú jìnnà sílé wa ju bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó yìí lọ. Ìyá mi ní oko ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, lórí iyanrìn, omi kànga ló fi ń rin ín. Ohun tó bá tà ní ọjà Dantokpa la fi ń jẹun, òun náà ló fi rán mi nílé ẹ̀kọ́.

Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹja oníyọ̀, tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí ìyá mi bá gbé pàṣán, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni mo ń sá sí. Lọ́dún kan, ewé ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó létí. Ìyá mi tọ́ omi kànga wò, iyọ̀ ni! Ta ló sì ń fọ ẹja oníyọ̀ ládùúgbò bí kò ṣe ìyá àgbà? Ìyá mi pariwo, èrò pé. Obìnrin náà ní, "Ìyá ọmọ, èmi kọ́. Mi ò da omi ẹja sítòsí kànga yín rí." Wọn ò gbọ́. Onílé lé e jáde, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Abomey-Calavi. Mo sunkún títí. Ìyá mi gbẹ́ kànga tuntun sí ìpẹ̀kun oko.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ wa fi ní kí kálukú ronú ọ̀nà tí a ó fi mọ ohun tí omi iyọ̀ ń ṣe fún irúgbìn. Mo wá agolo tòmátì mẹ́ta, iyanrìn kan náà, ẹ̀wà kan náà, ojú fèrèsé kan náà. Omi nìkan ló yàtọ̀: ọ̀kan omi òkun, ọ̀kan omi tí mo po iyọ̀ díẹ̀ mọ́, ọ̀kan omi kànga tuntun wa. Ìkẹta yìí ni mo pè ní Aláàfíà.

Ẹ̀wà olómi òkun kú. Olómi iyọ̀ tẹ̀ lé e. Aláàfíà náà pọ́n, ó ká kò.

Olùkọ́ bojú wò mí. "Gbogbo ẹ̀ lo bu iyọ̀ sí!" Mo búra. Ó tọ́ omi kànga náà wò, kò rí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ló bá ní kí n gbin òmíràn, kí n bomi ẹ̀rọ sí i. Ìyẹn tutù yọ̀yọ̀. Ahọ́n kò tíì mọ iyọ̀ yẹn, ẹ̀wà ti mọ̀ ọ́n.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà fún olùkọ́, ó sì bá mi délé. Ó ní, "Màámá, kò sẹ́ni tó ba kànga yín jẹ́. Ìyá àgbà ti lọ, síbẹ̀ iyọ̀ ti wọ kànga tuntun. Òkun ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé." Ìyá mi jókòó sétí kànga, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, ó sì ti fọ́.

Lọ́jọ́ kejì a lọ tọrọ àforíjì ní Abomey-Calavi. Wọ́n ti sin ìyá àgbà. Ọmọ rẹ̀ fún wa ní ìjókòó, ó bu omi àlejò wá, ó sì rọra sọ pé, "Ẹ mu ún, mà. Kò síyọ̀ nínú ẹ̀." Ìyá mi kò lè mu ún. Inú bí mi sí ìyá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní purọ́.

Oko ẹ̀fọ́ yẹn ti wà nínú òkun báyìí. Lónìí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé òkun ń wọlé, wọ́n ti to òkúta sétí rẹ̀. Nígbà tiwa, a ò mọ̀ ọ́n, èèyàn la fi dí ojú àìmọ̀ wa. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi gbé irú iṣẹ́ agolo ẹ̀wà yẹn bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ó bi mí pé kí ni kí òun pe agolo olómi ẹ̀rọ, èyí tí kò ní kú. Mo ní kó pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ja.